Ọ̀pá Tuntun fún Ìbọn Bàbá Henrik

Saskatchewan, Kánádà
Ọjọ́ keje, oṣù Keje, 2024

Bàbá mi, ọmọ Ògún l'Érúnmu,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ṣé àgbàdo ti gbó? Ṣé ìyá wa ń sùn dáadáa, ṣé eékún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Èmi àti Ọ̀ṣúntóbi ọmọ mi wà ní àlàáfíà. Ó ti ń ga bọ̀ wá bá mi léjìká, ó sì ní kí n bá òun kí Bàbá Erúnmu.

Mo mọ̀ pé fóònù kò wúlò fún yín mọ́ láti ìgbà tí ìró ìbọn ti di yín létí díẹ̀, tó jẹ́ ẹni tó bá wà nítòsí nìkan lẹ ń gbọ́, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bíyìí àbúrò mi, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà l'Álákíà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ó sì mú un wá fún yín bó bá ń bọ̀ wálé. Òun náà ni yóò máa ya fọ́tò èsì yín ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá, ẹ rántí Bàbá Henrik, àgbẹ̀ tó fún wa ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ dé, tí èmi àti ọmọ ọwọ́ kò mọ ẹnì kankan nínú òtútù? Wọ́n ti kú ní oṣù tó kọjá. Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ. Mo sunkún wọn bí ẹni pé àwọn ló bí mi. Àwọn àti ìyàwó wọn, Màmá Doris, ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gbé níhìn-ín. Nígbà tí Bàbá Henrik gbọ́ pé ọmọ ọdẹ ni mí, ẹ̀rín ni wọ́n rín, wọ́n ní, "Kí lo wá ń ṣe nínú ilé?" Àwọn ni wọ́n mú mi lọ gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì ń mú mi lọ sígbó. N kò sọ fún yín nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Bàbá, ìbọn ọdẹ wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Bàbá tó bí wọn ló kọ́kọ́ ni ín. Wọn kò bímọ. Nígbà tí agbẹjọ́rò kà á sí wa létí, Màmá Doris di ọwọ́ mi mú gírígírí.

Ọ̀rọ̀ wá kù o. Ìbọn Bàbá yìí, inú irin rẹ̀ ti jẹ tán. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, ó ní kí a yọ ọ̀pá rẹ̀, irin gígùn tí ọta ń gbà jáde, kí a fi tuntun tó ń jẹ irú ọta mìíràn sí i, nítorí pé irú èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Ọta tuntun yìí kéré sí ti àtijọ́, kò ní máa gbá mi léjìká. Mo fẹ́ kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ń ṣe iyèméjì: ohun tí baba fi sílẹ̀, bí a bá yí i padà, ṣé ohun baba ṣì ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí ọkàn ìyá kò balẹ̀ sí i. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ ni wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́rí, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ yín,
Ìbídùnní


Agboolé Ọdẹ, Erúnmu
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, 2024

Ìbídùnní,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìwọ tí mo kọ́ ní ìkúnlẹ̀, o kò kí mi. Bí ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lo ṣe bẹ̀rẹ̀, o ní, "Ọ̀rọ̀ wá kù o." Ọ̀rọ̀ wo ló kù?

Ṣé mo ti kú ni? Ṣakabùlà tí baba mi fi lé mi lọ́wọ́ wà lórí ìkọ́ rẹ̀ níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Àná ni mo fi òrí pa irin rẹ̀. Ta ló bá ọ gbé e jáde lọ bá alágbẹ̀dẹ nígbà tí mo wà lóko? Mo pe Bíyìí, mo bi í léèrè, ó fi ahọ́n kan irin, ó búra pé òun kò mọ nǹkan kan. Ó ní bí òun ṣe gbà á lórí fóònù lòun ṣe tẹ̀ ẹ́.

O ní irú ọta tó ń jẹ kò sí lọ́jà mọ́. Ta ló ń ra ọta ṣakabùlà lọ́jà rí? O ní kò gbọdọ̀ máa gbá ọ léjìká. Èjìká rẹ wo? Ìbọn baba mi ti di tìrẹ kí n tó di òkú, o tilẹ̀ ti wọn ọ̀pá tuntun fún un.

Mo wá bi ìyá rẹ pé kí ló dé tó fi tilẹ̀kùn mọ́rí nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ ń bò fún mi. Ó ní, "Ilẹ̀kùn wo?" Ilẹ̀kùn yàrá wa kò ní kọ́kọ́rọ́ láti ìgbà tí Bíyìí ti já a. Ìyá rẹ ní bóyá òtútù ibẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lórí. Ìbínú ni èmi fi gbọ́ tèmi.

Ìbídùnní, ọmọ kì í pín ogún lójú baba. Bí o bá rí i pé mo ti dàgbà jù fún igbó, sọ ọ́ sí mi lójú. Má fi ọ̀pá ìbọn sọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Ògúntúyì


Saskatchewan
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dojúbolẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ má bínú. Mo ka ìwé yín, mo sunkún, mo tún bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀ṣúntóbi ní ṣé orí mi pé.

Bàbá, abala ìwé méjì ni mo kọ. Bíyìí ti jẹ́wọ́: ọ̀kan péré ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, òun náà kò sì wò ó kí ó tó ká a sápò. Apá kejì lẹ kà. Gbogbo ìkíni tí mo kí yín wà l'Álákíà. Mo ti tún fi apá àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé ìbọn mìíràn ni mò ń wí, ti Bàbá Henrik tó gbà wá sílé, tó ti di olóògbé. Ìyá tó tilẹ̀kùn mọ́rí ni Màmá Doris, opó rẹ̀. Ta ni èmi tí màá fọwọ́ kan ṣakabùlà yín? Kí ẹ pẹ́ láyé, kí ẹ máa fi òrí pa á lọ.

Ṣùgbọ́n Màmá Doris kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. A jọ ń gbé ilé kan náà, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lókè orí mi. Tẹ́lẹ̀, bí omi tíì bá ti hó, wọ́n á fi igi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ kí n gòkè wá. Wọn kì í kàn án mọ́. Mo ti sọ fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe pé kí ó dáwọ́ dúró ná. Ó ní bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé tí a kò tíì pinnu, ìbọn náà kò ní ṣeé lò lọ́dún yìí.

Bàbá, nǹkan kan tún wà. Lẹ́tà ìkọ̀wé yín ti tóbi bí ọmọ ìka, ìlà kan sì ń gun orí èkejì. Ṣé ojú yín dá ṣáká?

Ọmọ yín tí kò pín ogún,
Ìbídùnní


Erúnmu
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ, 2024

Ìbídùnní, Àṣàbí ọmọ mi,

Mo gbé ọwọ́ mi sókè. Ìbínú kò jẹ́ kí n bèèrè, bẹ́ẹ̀ baba mi ti kọ́ mi pé a kì í yìnbọn sí ohun tí a kò tíì rí orí rẹ̀. Ìyá rẹ ti fi mí ṣẹ̀sín tán. Bí mo bá ti jókòó oúnjẹ, á ní, "Bàbá Ìbídùnní, ẹ wò ó kó pé abala méjì o."

Ó pẹ́ kí n tó fèsì nítorí àgbàdo tí a ń kó. Ó yọ lọ́dún yìí ju bí a ṣe rò lọ. Lìádì ọ̀rẹ́ mi, tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bá tiwa pààlà, ló bá wa fi ọkọ̀ rẹ̀ kó o lọ sí Lálúpọn, kò sì gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí mo ka apá àkọ́kọ́ ìwé rẹ, mo dìde, mo bu ẹmu, mo lọ sójúbọ Ògún. Mo dárúkọ Bàbá Henrik níbẹ̀. Bóyá mo pè é dáadáa tàbí n kò pè é dáadáa, Ògún gbọ́ èdè irin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Henrik pé ó fún ọmọ mi ní yàrá nígbà tí òtútù fẹ́ pa á. Mo sì dúpẹ́ pé ó mú ọ lọ sígbó. Ta ló sọ fún ọ pé màá ní iṣẹ́ ọkùnrin ni? Mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ pé ọmọ mi obìnrin ń dọdẹ nínú yìnyín. Àwọn kan kò gbà gbọ́. Fi fọ́tò ránṣẹ́.

Ní ti ọ̀pá ìbọn: ìbọn tí kò ṣeé yìn kì í ṣe ogún, ẹrù ni. Ṣakabùlà tí mo tìtorí rẹ̀ bínú sí ọ yìí, igi ìdí rẹ̀ kọ́ ni baba mi dì mú. Ikán jẹ tàtijọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà kan l'Ẹ́gbẹ́dá ló gbẹ́ òmíràn. Kò sí ẹni tó sọ pé kì í ṣe ìbọn baba mi mọ́. Bí ó ti wù kí ó rí, ìyàwó olóògbé ṣì wà láyé. Òun ni kó kọ́kọ́ gbà. Bí kò bá gbà, gbé ìbọn kọ́ ògiri, kí o máa wò ó.

Ìyá rẹ ní kí n kọ tòun náà sí i. Bó ṣe wí i nìyí: "Sọ fún un kí ó má gbé ọ̀rọ̀ ìbọn lọ bá obìnrin yẹn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kò ráyè irin. Kí ó se oúnjẹ, kí ó gòkè lọ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, kí ó jókòó, kí ó dákẹ́. Bó bá pẹ́ títí, á sọ ohun tó ń dùn ún."

Ojú mi kò ṣe nǹkan kan. Bírò ni kò dára.

Bàbá rẹ,
Ògúntúyì


Saskatchewan
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi, ìyá mi,

Ẹ kú ìkórè. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Lìádì. Fọ́tò wà nínú èyí. Ẹni tó wọ fìlà pupa yẹn, èmi ni.

Ìyá mi, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo se mọ́ínmọ́ín láìfi ata sí i, mo gòkè lọ. Màmá Doris ṣílẹ̀kùn, wọn kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀wà tútù wà níwájú wọn tí wọ́n ń bó, mo jókòó, mo bá wọn bó o. A bó o tán, mo sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ. Ọjọ́ mìíràn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń wo ẹ̀wà ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n ní ọdún mélòó kan kí Bàbá Henrik tó kú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé ẹran. Ọkùnrin tí kì í tàsé. Bí wọ́n bá ti darí wálé, wọ́n á fọwọ́, wọ́n á ní, "Doris, ojú mi ti lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n." Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìbọn kọ́, wọ́n jókòó sórí àga kan lẹ́bàá fèrèsé, wọn kò sì lọ sígbó mọ́. Mo mọ ìjókòó yẹn, Bàbá. Gbogbo wa rò pé ọjọ́ orí ni. Màmá Doris náà ń sọ fún wọn pé, "Ẹ ti dàgbà, ẹ sinmi." Kò sí ẹlòmíràn tó ń lo ìbọn yẹn tí ì bá mọ̀, kékeré kan tí a yá ni èmi máa ń gbé.

Ọjọ́ tí mo wá bá wọn pé inú ọ̀pá ìbọn ti jẹ, pé ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ó ti pẹ́, pé kò sí ẹ̀dá tó lè fi í yìn kó lọ tààrà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n tilẹ̀kùn. Mo rò pé wọn kò fẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun ọkọ wọn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń mì í, wọ́n ní, "Kì í ṣe ojú rẹ̀! Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀! Ìbọn ni! Ó kú, kò mọ̀!"

A sunkún, Bàbá. Omi tíì hó títí ó gbẹ.

Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní, "Yọ ọ̀pá yẹn. Ohun tó purọ́ mọ́ ọkọ mi, n kò fẹ́ rí i." Lọ́jọ́ kejì, kí oṣù Kẹjọ tó parí, wọ́n bá mi lọ, àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé ìbọn lé orí tábìlì ẹni tó ń tún un ṣe. Ó ní kí a padà wá gbà á nígbà tí ọ̀gìnnìtìn bá ń bẹ̀rẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, à bá ṣì máa gbé inú ilé kan bí àlejò síra wa.

Ọmọ yín,
Ìbídùnní


Saskatchewan
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Oṣù Kẹsàn-án ni mo kọ̀wé sí yín, ẹ kò fèsì. Mo kọ òmíràn lóṣù Kẹwàá, ẹ kò fèsì. Bí mo bá pe Bíyìí, á ní, "Wọ́n wà." Kí ni "wọ́n wà"? Òkúta náà wà. Mo ní kó gbé fóònù fún ìyá mi, wọ́n kí mi, kíá ni wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ sí ti eékún wọn. Bí mo bá tún ṣẹ̀ yín ni, ẹ sọ ọ́ sí mi lójú, bí ẹ ṣe sọ.

Ìbọn ti dé. Ọ̀pá tuntun náà dúdú, ó ń dán. Igi rẹ̀ ni ti àtijọ́, ibi tí Bàbá Henrik máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ti dán kọrọrọ, ó ṣe wẹ́kú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹni tó tún un ṣe mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò, mo fi ọta tuntun náà yìn títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a fẹ́ lọ sígbó, Màmá Doris ní àwọn á bá mi lọ. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ tàwọn ti ife tíì. Mo wọ igbó, mo dúró sí ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́, kí ẹran má gbọ́ òórùn mi, bí ẹ ṣe máa ń sọ fún Bíyìí tí mo máa ń fetí kọ́. Yìnyín kò jẹ́ kí n gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Àgbọ̀nrín kan jáde láàárín igi, ó wo ọ̀dọ̀ mi. Mo mí, mo yìnbọn. Ibi tó wà náà ló ṣubú sí. Èjìká mi kò mọ̀ pé mo yìn.

Bàbá, Màmá Doris gbọ́ ìró ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń sáré bọ̀ nínú yìnyín tàwọn ti ọ̀pá ìtilẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ ọkọ wọn. Wọn kò pe tèmi. Kò dùn mí rárá. Mo dúró, mo jẹ́ kí wọ́n pè é.

A pín ẹran náà fún gbogbo aládùúgbò. Ìwọ̀nba tó kù, mo fi se ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ pé, Màmá Doris jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé.

Ẹ fèsì, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́.

Ìbídùnní


Erúnmu
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, 2024

Ìbídùnní,

O kò ṣẹ̀ mí. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé. Mo ní kí ìyá rẹ àti Bíyìí má sọ, kí èmi fúnra mi sọ ọ́.

Nígbà tí mo ka ohun tó ṣe Bàbá Henrik, inú mi dùn, n kò lè sùn. Nítorí èmi náà ti ń tàsé láti ọdún tó kọjá. Òyà á jókòó níwájú mi bí ẹni tó ń gbafẹ́, màá yìnbọn, á dìde, á máa lọ. N kò sọ fún ẹnì kan. Ìwé rẹ wá dé, mo ní, "Àṣé ìbọn ni!" Mo gbé e, ó di Lálúpọn. Alágbẹ̀dẹ yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, kò sí ohun tó ṣe ìbọn yìí." Mo ní kò mọ iṣẹ́. Mo gbé e padà wálé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, mo wà létí oko ẹ̀gẹ́ Lìádì. Mo rí nǹkan pupa rúsúrúsú kan tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́, tó ń mi. Mo ní ìgalà ni. Mo gbé ìbọn sí èjìká. Ìka mi ti débẹ̀. Ìgbà náà ni ìgalà sín, ó sì wí pé, "Alihamudulilahi."

Mùjíbátù ni. Ìyàwó Lìádì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fa ẹ̀gẹ́ tu, ìborùn rẹ̀ ni mo rí.

Ìbídùnní, mo gbé ìbọn sílẹ̀. Mo jókòó sórí ebè. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó ní, "Bàbá Bíyìí, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ó kí mi kú ìrọ̀lẹ́, ó di ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó gbé e rù, ó lọ. Kò mọ̀ pé ikú wo òun lójú.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sílé wọn, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bú sẹ́kún, ó wá ní kí n dìde, pé Ọlọ́run Ọba ló fi nǹkan yún òun nímú. Lìádì gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó bá mi dé oko, ó gbé ìbẹ́pẹ kan lé orí kùkùté, ó rìn padà sẹ́yìn, ó yìn ín. Ìbẹ́pẹ fọ́n ká. Mo ti ka ìwé rẹ sí i létí tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó yíjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, tìrẹ yìí kò purọ́ mọ́ ọ."

Ilé rẹ̀ ni ìbọn wà báyìí. N kò béèrè rẹ̀.

Ìdúpẹ́ ló kún ẹnu mi, kì í ṣe ẹjọ́. Bí Mùjíbátù kò bá sín ńkọ́? Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí ọdẹ tí kò ríran ń jẹ́. Mo ti ń jókòó sídìí fèrèsé, Ìbídùnní.

Ògúntúyì


Saskatchewan
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an tí ẹ sọ fún mi. Mo mọ ohun tó ná yín kí ẹ tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí ẹ jù lọ́jọ́ orí, kí ẹ tó sì kọ ọ́ fún ọmọ yín. Mo pe ìyàwó Bàbá Lìádì, a sunkún lórí fóònù, lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn á máa sín lọ ní gbogbo oko.

Ẹ má jókòó sídìí fèrèsé. Níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó níhìn-ín, ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú ojú yín. Awọ funfun kan ló máa ń bo ẹyin ojú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń yọ ọ́ ni, aláìsàn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ọsibítù tí wọ́n ti ń ṣe é wà n'Íbàdàn, Bíyìí ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀, èmi náà ti ṣe tèmi. Ohun tó kù ni kí ẹ gbà.

Mo ka ìwé yín fún Màmá Doris. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí yín pé: ọkọ àwọn rò pé ojú ni, ìbọn ni. Ẹ̀yin rò pé ìbọn ni, ojú ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ fún ọkọ àwọn kí ó tó lọ, ṣùgbọ́n a ti sọ fún yín, ẹ ṣì wà láyé. Wọ́n ní kí ẹ dìde lórí àga yẹn nítorí Henrik.

Mo bẹ̀ yín ní orúkọ irin.

Ìbídùnní


Erúnmu
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta, 2025

Àṣàbí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ọ̀ṣúntóbi, mo kí Màmá Doris, tó fi òkú ọkọ rẹ̀ bẹ̀ mí. Ẹni tí a fi òkú bẹ̀ kì í kọ̀. Ẹ kú òtútù. Tiwa níhìn-ín, oòrùn ti mú, kajú ti ń pọ́n.

Wọ́n ti ṣe é. Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe ná, wọ́n ní kí ti òsì dúró díẹ̀. Bíyìí àti Lìádì ni wọ́n mú mi lọ. Ẹ̀rù bà mí ju bí ẹ̀rù ẹfọ̀n ṣe bà mí rí lọ. Lìádì jókòó síta, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, èmi ń pe Ògún nínú mi. Dókítà ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó ní, "Bàbá, ẹ má mira." Mo ní ọdẹ ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́. Kí n tó mọ̀, ó ní ó tán.

Ilé la sùn. Lọ́jọ́ kejì a padà lọ, wọ́n ṣí aṣọ lójú mi. Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ dà lù mí bí omi. Mo rí ìlà tó wà lára ògiri. Mo rí eṣinṣin lórí ilẹ̀kùn. Mo rí ewé igi mángòrò tó wà níta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wọn. Lìádì ní kí n ka iye ìka òun. Mo ní kó lọ gé èékánná.

Mùjíbátù se ọbẹ̀ ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ imú rẹ̀. Lìádì bi mí bóyá kí òun gbé ìbọn wá. Mo ní kó dúró ná, kí n fi ojú yìí wo ilé fún ìgbà díẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Ìbídùnní. Ọmọ tí mo bí ti di ẹni tó ń là mí lójú. Kí ó máa rí bẹ́ẹ̀ fún ìwọ náà. Jẹ́ kí n sọ ti ìyá rẹ kí n tó dákẹ́.

Kò bá wa lọ sí ọsibítù nítorí eékún rẹ̀. Nígbà tí a dé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú mi, ó jáde wá sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, ó ń wò mí. Èmi náà wò ó. Irun rẹ̀ ti funfun tán pátá. Ìlà kún ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo ní, "Ìyá Ìbídùnní, ìgbà wo lo darúgbó?"

Ó ní, "Ìgbà tí ẹ ń wo igbó ni."

Bàbá rẹ,
Ògúntúyì